Bí Ọmọ Ilé Ìwé Ṣe Lè Gbin Ẹ̀fọ́, Kí Ó sì Jẹ Ẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹ ní kí ọmọ Púráímárì 4 kan nígboro Ìlọrin dárúkọ ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á pe tẹ̀tẹ̀, wọ́n á pe ewédú, bóyá ilá, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, gbúre lè máa hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kíláàsì wọn, kí ẹ̀bọ̀lọ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá sílé ìwé, kí ìyá àgbà tó wà nílé sì lè ka mẹ́wàá láì mí kanlẹ̀.

A ti ń kọ ọ́ sójú pátákó tipẹ́ pé ẹ̀fọ́ ń ṣe ara lóore. Ọmọ á dà á kọ, á gba máàkì, á délé, á sì ṣa ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ẹ̀fọ́, tó bomi rin ín, tó sì dúró ti ìkòkò tí wọ́n fi sè é, á tọ́ ọ wò. Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà yìí kò parí sí ìkórè. Inú àwo ọmọ ló ń lọ.

Àdéhùn ni kó ṣáájú ọkọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́, ẹ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá àgbà ilé ìwé àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fẹnu kò lé lórí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkíní, ọgbà ẹ̀fọ́ kì í ṣe ibi ìjẹníyà. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí: ọmọ pẹ́ dé, "lọ gé koríko", ọmọ pariwo, "lọ roko". Bí ọgbà ẹ̀fọ́ bá wọ inú àwọn ibi tí à ń rán ọmọ ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ, ohun tí ọmọ máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ìyà ni iṣẹ́ oko, kò sì ní í gbàgbé bọ̀rọ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé kíláàsì tó bá ṣe dáadáa ló máa kọ́kọ́ bomi rin láàárọ̀. Ẹ máa yà yín lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa du garawa.

Èkejì, ẹnu àwọn ọmọ ni ìkórè kọ́kọ́ ń lọ. Oko ilé ìwé pọ̀ láyé àtijọ́ tí ọmọ ń ro, tí àgbàdo sì ń wọ ilé tíṣà. Àwọn ọmọ rí i, wọn ò sọ̀rọ̀, àmọ́ ọkàn wọn kúrò nínú oko náà. Bí ẹ̀fọ́ bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ, ẹ lè tà á fún àwọn òbí, kí àwọn ọmọ fúnra wọn ka owó rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi rà fún kíláàsì.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa wo ọgbà lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ọlidé? Ẹ má ṣe fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ máa tilẹ̀kùn.

Ibi tí ẹ máa lò

Ẹ wá ibi tí oòrùn ń ràn sí fún nǹkan bíi wákàtí 6 lóòjọ́, tí kò jìnnà sí kànga, bóhòò tàbí ẹ̀rọ omi. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà dáadáa sí ṣálángá. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orí ààtàn tí wọ́n ti ń sun ọ̀rá àti bátìrì, tàbí ilẹ̀ tí epo dúdú láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ń ṣàn gbà kọjá. Ẹ̀fọ́ a máa fa ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ mu. Fún ìdí kan náà, ẹ má fi omi gọ́tà bomi rin ín, bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó.

Ẹ fi okùn wọn bẹ́ẹ̀dì kí ó fẹ̀ ní mítà 1, kí ó gùn ní mítà 3, kí ẹ fi ìdajì mítà sílẹ̀ fún ọ̀nà láàárín. Mítà 1 ló yẹ, torí ọwọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ kan àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe wíwọ̀n náà fúnra wọn, ẹ̀kọ́ ìṣirò tọjọ́ náà ti parí nìyẹn.

Àwọn ilé ìwé tó wà láàárín ìgboro, níhà Pàkátà tàbí Gàmbàrí, níbi tí gbogbo àgbàlá ti jẹ́ sìmẹ́ǹtì, kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ò nílẹ̀. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, garawa tó ti là tàbí táyà àtijọ́ tó. Ẹ lu ihò sídìí wọn kí omi lè jò, ẹ kó ilẹ̀ àti ajílẹ̀ sí i, ẹ tò wọ́n síbi tí oòrùn ń dé. Tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ewúro máa ń ṣe dáadáa nínú àpò.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ kan ṣoṣo á jẹ iṣẹ́ oṣù kan tán kí aago ìsinmi tó lù. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká kí ẹ tó gbin nǹkan kan: ọ̀pá àti àwọ̀n, tàbí ọparun tí a hun pọ̀, tàbí ẹ̀gún. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdè, kí ọmọ kan sì wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ títi ilẹ̀kùn yẹn.

Àkókò, gẹ́gẹ́ bí òjò àti táàmù ṣe rí

Lọ́dọ̀ wa, òjò máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, á máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá. Táàmù kẹta ló ṣe rẹ́gí jù fún ilé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ẹ gbìn ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì tí ẹ wọlé, ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Táàmù kìíní náà dára, bí ẹ bá tètè gbìn nínú oṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá fi falẹ̀ di oṣù kọkànlá, òjò ti lọ, ọyẹ́ ń bọ̀, garawa ló kù. Táàmù kejì wà fún ilé ìwé tó ní omi tó dájú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀dì kan tó jẹ́ mítà 3 ń fẹ́ tó garawa onílítà 20 kan lóòjọ́. Ẹ fi ìyẹn ṣírò bóyá ẹ lágbára bẹ́ẹ̀dì méjì tàbí mẹ́wàá.

Ohun tí ẹ máa gbìn

Ẹ má kó gbogbo ẹ̀fọ́ ayé jọ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ̀tẹ̀ ni kó ṣáájú. Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, òótọ́ sì ni: ó tètè hù, ọmọ á rí i láàárín ọjọ́ 3 sí 5, sùúrù ọmọdé kò sì gùn. Ẹ fi ewédú tì í, àti ilá. Ní etí ọgbà, ẹ ri igi ewúro àti gbúre sílẹ̀. Wọn kì í béèrè ohun púpọ̀, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ táàmù. Ní Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ànàmọ́ ti jẹ́ oúnjẹ àmúyangàn, mi ò rí ìdí tí ọgbà ilé ìwé kò fi ní í ní bẹ́ẹ̀dì ànàmọ́ kan. Ìtàkùn rẹ̀ ń bo ilẹ̀ mọ́ èpò lórí, ọ̀dọ́ ewé rẹ̀ náà sì ṣeé sè bí ẹ̀fọ́.

Bí àyè bá kù, ẹ gbin erèé díẹ̀. Ó ń fún ilẹ̀ lókun, ó sì mú àlọ́ dání: "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ pa á fún wọn lọ́jọ́ tí ẹ ń gbìn ín, kí ẹ má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi wo èso tó wà lọ́wọ́ wọn dáadáa.

Ẹ lè rí èso ẹ̀fọ́ rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Ọjà Ọba tàbí lọ́dọ̀ àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó wà nítòsí. Kí ẹ tó gbìn, ẹ dán an wò. Ẹ ka èso 10 sórí aṣọ tútù, ẹ ká aṣọ náà, ẹ fi sínú àwo, ẹ máa wọ́n omi sí i. Bí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èso náà dára. Bó bá jẹ́ 3 péré ló hù, ẹ wá òmíràn. Fún ewédú, ẹ ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí kí ẹ tó dán an wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa rò pé ó ti kú.

Ọjọ́ ìgbìn

Ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, ẹ ti gbọ́dọ̀ ro ilẹ̀, kí ẹ sì po ajílẹ̀ mọ́ ọn: bọ̀tọ̀ garawa méjì fún bẹ́ẹ̀dì kan, tàbí ìgbẹ́ adìẹ garawa kan. Gàá Fúlàní kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ ìlú wa, ẹ lè rí bọ̀tọ̀ níbẹ̀. Ẹ má lo ìgbẹ́ adìẹ tútù, ó máa ń jó ewéko. Kí ó ti wà lókìtì fún oṣù méjì ó kéré tán, kí ooru inú rẹ̀ ti tán. Àgbàlagbà ni kó po ajílẹ̀, kí gbogbo ọmọ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó padà sí kíláàsì. Bàtà ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Èso tẹ̀tẹ̀ kéré bí ìyẹ̀fun. Bí ọmọ bá fọ́n ọn lásán, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sójú kan. Ẹ bu ṣíbí kékeré kan fún bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ ife méjì, kí àwọn ọmọ máa bu u ní ìka mẹ́ta, kí wọ́n máa fọ́n ọn lọ, kí wọ́n tún fọ́n ọn bọ̀. Ẹ fi ẹ̀ka ewé gbá orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Fún bíbomi rin, ẹ fi ìṣó lu ihò wẹ́ẹ́rẹ́ sídìí agolo mílíìkì, kí omi lè máa rọ̀ bí òjò wínníwínní. Omi garawa tí a dà lẹ́ẹ̀kan á gbá gbogbo èso lọ sí ọ̀nà.

Ewédú ni ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Èèpo èso rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láì hù. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ wa ń ṣe ni pé wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ omi gbígbóná. Ẹ pín èso náà sí méjì. Ẹ di ìdajì kan sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ fi okùn so ó. Olùkọ́ nìkan ni kó dúró ti omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí àwọn ọmọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ti aṣọ náà bọ inú omi, kí gbogbo kíláàsì kà láti oókan dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tú u, ẹ sá a díẹ̀ lábẹ́ òjìji. Ẹ wá gbin ìdajì tí ẹ ki bọ omi àti ìdajì tí ẹ kò kì bọ̀ ọ́ ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi pákó kékeré sàmì sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìlà méjèèjì á ti dá ara wọn mọ̀, kò sì sí ọmọ tí ẹ tún máa ṣàlàyé èèpo èso fún.

Ti ilá rọrùn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ gbin èso méjì sí ihò kan, kí ihò kan jìnnà sí èkejì ní ìwọ̀n rúlà ọmọ ilé ìwé kan, kí ìlà sì jìnnà sí ìlà ní ìlọ́po méjì rúlà náà. Bí wọ́n bá hù, ẹ fi èyí tó lágbára sílẹ̀. Fún ewúro, ẹ gé igi tó gbó tó gùn tó rúlà, ẹ rì í sílẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Gbúre kò tiẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó ìka ọwọ́ á ta gbòǹgbò.

Ìtọ́jú

Àárọ̀ kí wọ́n tó tò àti ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde ni ìbomirin, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn lára pákó. Bẹ́ẹ̀dì tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé kì í ní olùtọ́jú. Kí wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n á máa kọ gíga ẹ̀fọ́ sí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí òjò rọ̀, àti kòkòrò tí wọ́n rí.

Ní ti kòkòrò: kò sí oògùn apakòkòrò òyìnbó nínú ọgbà tí ọmọdé ń wọ̀. Mi ò gba àwáwí kankan lórí èyí. Ìdin àti tata tó bá tóbi, ẹ fọwọ́ ṣa wọ́n. Fún àwọn wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sí abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó já a, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa.

Bí àwọn àgbàlagbà ọmọ bá fẹ́ rí i bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́nà ìgbàlódé, ẹ kọ lẹ́tà ìbẹ̀wò sí NCAM, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìdọ́fíàn, tàbí ARMTI, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àbójútó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbèríko, lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Àwọn tó wà níhà Òmù-Àrán ní Yunifásítì Landmark nítòsí.

Láti bẹ́ẹ̀dì dé inú àwo

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń kánjú kọjá, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Tẹ̀tẹ̀ á tó jẹ ní bí ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ lè fà á tu, tàbí kí ẹ gé e kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó tún rúwé. Ewédú á tó ní ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6. Ilá á bẹ̀rẹ̀ sí so ní nǹkan bí oṣù méjì. Ẹ máa ká a lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì-méjì kó má baà gbó.

Ẹ fi ọjọ́bọ̀ ṣe ọjọ́ sísè, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ tí a máa ń tètè jáde. Bí Ramadan bá bọ́ sáàárín táàmù, ẹ sún un síwájú tàbí sẹ́yìn, torí ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà ọmọ ló ń gbààwẹ̀, kò sì tọ́ kí àwọn tó ṣiṣẹ́ máa wo àwọn tó ń jẹun.

Kí ẹ tó sè é, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ di ọmọ kan lójú, ẹ fún un ní efinrin kó gbóòórùn rẹ̀, ẹ fún un ní ewédú kó fi ìka rún un títí á fi yọ̀, ẹ fún un ní ewúro kékeré kó fi ehín kàn án. Kíláàsì á pariwo. Nígbà náà ni kí ẹ sọ fún wọn pé adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, kí ẹ sì fún wọn lómi mu kí wọ́n rí i bóyá òótọ́ ni. Ìkìlọ̀ kan: kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi ewé inú igbó sẹ́nu bí àgbà tó mọ̀ ọ́n kò bá sí níbẹ̀.

Ọkùnrin àti obìnrin ni kó ṣa ẹ̀fọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí oore inú rẹ̀ máa ń bá omi lọ. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kó má kú sórí iná. Ata, àlùbọ́sà, irú àti epo pupa ti tó fún un. Epo ń ran ara lọ́wọ́ láti gba fítámì A inú ewé náà, èyí tó wúlò fún ojú ọmọ. Fún ewédú, ẹ fún wọn ní ìjábẹ̀ kí wọ́n jà á fúnra wọn. Kí káún rẹ̀ kéré gan-an tàbí kó má sí rárá, torí káún ń pa fítámì. Ẹ fi ẹ̀kọ tàbí àmàlà jẹ ẹ́, ohun tí ilé ìwé bá lágbára. Ọmọ tó fẹ́ràn Indomie, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ lè wọ inú ìkòkò yẹn náà.

Ẹ má fi pàṣán bọ́ ọmọ ní ẹ̀fọ́. Ṣíbí kan, "tọ́ ọ wò", ó tó. Bó bá tutọ́ rẹ̀ dà nù, ẹ má bínú, ẹ má sì dá a lápàárá. Ọmọ mìíràn lè tọ́ ẹ̀fọ́ kan wò tó ìgbà 8 tàbí 10 kó tó gbà á. Kí olùkọ́ náà bu tirẹ̀, kó jẹ ẹ́ lójú wọn.

Ẹ̀kúnwọ́ ọgbà kan kò lè bọ́ ọmọ lójoojúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé ọmọ ọdún 2 sí 5 nílò ẹ̀fọ́ àti èso jíjẹ tó gíráàmù 250 lóòjọ́ ó kéré tán, ọdún 6 sí 9 gíráàmù 350, láti ọdún 10 sókè gíráàmù 400. Ẹ wọn gíráàmù 350 sórí tábìlì kí àwọn òbí rí i nígbà ìpàdé. Ìdáná ilé ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù. Níbi tí olóúnjẹ ilé ìwé bá wà lábẹ́ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fún Púráímárì 1 sí 3, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ̀fọ́ ọgbà yín wọ inú ọbẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó kan ìyá àgbà

Ẹ rán ọmọ kọ̀ọ̀kan sí àgbà kan nílé: kí ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé tí kò wọ́pọ̀ mọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń sè é? Ẹ máa gbọ́ wọ̀rọ̀wọ́, yánrin, amúnútutù, ìsápá. Àwọn ará Ìlọrin á sọ̀rọ̀ lúúrú, ewé oṣè gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná. Ọmọ Ìgbómìnà lè mú orúkọ tó yàtọ̀ wá fún ewé kan náà. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá lè wá sí kíláàsì pẹ̀lú ewé lọ́wọ́, ẹ fún un ní àga àti wákàtí kan.

Ọlidé àti èso táàmù tó ń bọ̀

Ọlidé gígùn bọ́ sínú òjò, èpò á sì bo gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ ká gbogbo tẹ̀tẹ̀ tó kù, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìdì kan lọ sílé. Ẹ fi ewúro, gbúre àti ànàmọ́ sílẹ̀. Ẹ yan àwọn ọmọ tó ń gbé nítòsí àti òbí kan tí á máa yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fún wọn láṣẹ láti já ewé tó bá wà níbẹ̀ jẹ.

Ẹ má já gbogbo ewédú àti ilá. Ẹ fi okùn pupa so igi mẹ́ta-mẹ́rin tó dára jù, kí wọ́n gbó sórí ìdúró. Bí èso bá ti gbẹ, ẹ pa á, ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ẹ sá a lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀, kí ẹ dé e pa. Lára ìgò, kí àwọn ọmọ kọ orúkọ ẹ̀fọ́ náà, oṣù àti ọdún tí wọ́n ká a, àti orúkọ ẹgbẹ́ tó gbìn ín.